Etí Tó Ń Dún Kì Í Ṣe Etí Tó Ń Dùn

    

Nínú ẹ̀kọ́ wa, ewé ni mo sábà máa ń mú. Màá dárúkọ rẹ̀, màá sọ ibi tí a ti ń rí i rà ní ìlú yìí, bí a ṣe ń lò ó, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó. Lónìí, àìlera ni mo mú, kì í ṣe ewé, nítorí pé n kò ní ewé fún un. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ wà nínú fóònù ìgbàlódé tí gbogbo wa ń gbé kiri. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán.

Mo tún ní àṣìṣe kan láti ṣàtúnṣe. Ní ìgbà kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé ẹni tí etí ń yọ lẹ́nu, kí ó fún omi ọ̀dúndún sí i. Báyìí ni mo kọ ọ́, láì ya etí kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó bá ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́, kí ó mú gègé, kí ó fa ìlà sí i. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àmì ohùn kan ṣoṣo

Nínú èdè wa, bí ènìyàn bá ní "Etí ń dùn mí," ìrora ni ó ń sọ. Bí ó bá ní "Etí mi ń dún," ariwo ni ó ń sọ, ariwo tí òun nìkan ń gbọ́, tí kò sí níta. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra. Èyí tó ń dùn lè jẹ́ egbò, ó lè jẹ́ ọyún, ó lè jẹ́ kòkòrò tó wọlé. Èyí tó ń dún ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní tinnitus.

Dídún náà kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ti ẹlòmíràn a máa hó bí omi orí iná. Ti ẹlòmíràn a máa dún bí súfèé. Ti ẹlòmíràn a máa kùn bí oyin. Tèmi dà bí ìrẹ̀ kan tó wọ inú orí mi, tí kò sì sùn rí.

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn onílù níbi ọdún òrìṣà, tí mo ń fi agogo gbè wọ́n. Ẹ mọ yàrá abẹ́ ilé tí a ń lò nígbà òtútù: àjà rẹ̀ kò ga, ògiri rẹ̀ sún mọ́ra, ìró kì í sì í rí ibi gbà jáde. Ní oṣù kejì ọdún kan, a ṣe ọdún Ṣàngó mọ́jú. Ìyáàlù bàtá wà ní apá ọ̀tún mi ní gbogbo òru. Nígbà tí mo délé, tí mo tú gèlè, mo gbọ́ ìrẹ̀ kan tó ń ké. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀ ni lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé òtútù ọjọ́ náà ti kọjá ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo, yìnyín sì bo gbogbo ilẹ̀. Kò sí ìrẹ̀ tó ń ké níta ní Calgary ní oṣù kejì.

Mo pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Mo yọ wáyà fíríìjì. Bí ilé ṣe ń dákẹ́ sí i ni ìrẹ̀ náà ń ké sí i.

Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ pé bí etí ènìyàn bá ń dún, ẹnìkan ló ń dárúkọ rẹ̀ níbìkan. Mo bi ara mi pé ta ló ń dárúkọ mi fún ọjọ́ mọ́kànlá láìsinmi. Mo da obì, obì yàn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ̀ kò sinmi.

Mo wá ṣe ohun tí mo kọ fún yín. Mo já ọ̀dúndún tí mo gbìn sínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé, mo fi í yá iná, mo fún omi rẹ̀ sí etí ọ̀tún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí kò gbọ́, mo mú àdí, mo fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, etí tó ń dún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Omi ń jáde níbẹ̀, n kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ ní apá ọ̀hún. Dókítà tí mo lọ bá tan iná wò ó. Ó ní ihò kékeré kan wà lára ìlù etí mi, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe mi, àti pé ohun tí mo ń fún sí i ti gba ihò náà wọlé, ó ti di egbò. Èmi tí mo ń kọ́ yín ní ewé, ewé ni mo fi ṣe ara mi léṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti tẹ̀lé ìlànà mi yẹn, tí ó sì ní ìpalára, mo tọrọ àforíjì. Kí ó jọ̀wọ́ lọ fi etí rẹ̀ han dókítà.

Egbò náà san. Dídún náà kò lọ. Ní ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn fún mi. Wọ́n ní mo ti pàdánù díẹ̀ nínú àwọn ìró tín-ín-rín, pé kò sí oògùn tó ń pa dídún náà, kí n lọ máa bá a gbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò sọ bí a ṣe ń bá a gbé. Fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, n kò sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru. N kò wá síbi ìlù mọ́. Àwọn kan nínú yín rò pé mo bínú. N kò bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Kí ló ń dún gan-an?

Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn irun kéékèèké kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń gba ìró, tí iṣan sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Ariwo ńlá máa ń pa wọ́n, ọjọ́ orí náà sì máa ń dín wọn kù, ti ènìyàn kì í sì í hù padà. Nígbà tí ọpọlọ kò bá rí ìró gbà dáadáa mọ́, ó máa ń ṣe bí ẹni tí rédíò rẹ̀ kò mú ilé-iṣẹ́: á yí ohùn sókè kí ó lè gbọ́, ohun tí yóò sì gbọ́ ni ṣìì-ṣìì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ṣìì-ṣìì bẹ́ẹ̀ ni dídún etí.

Ní ọdún 1953, Heller àti Bergman ní Amẹ́ríkà kó 80 ènìyàn tí etí wọn dá ṣáṣá sínú yàrá tí ìró kò lè wọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àwọn ń gbọ́ ìró kan tàbí òmíràn. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ orí ló ní ariwo tirẹ̀, bí ìta bá dákẹ́ tó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fún àwọn kan, ọpọlọ ti gbá ariwo náà mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

A kò dá nìkan wà. Ilé-iṣẹ́ ètò ìṣirò ìjọba Canada tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2019, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2012 sí 2015. Ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní orílẹ̀-èdè yìí ni etí wọn ti dún láàárín ọdún kan, ó sì ń yọ ìdá 7 lẹ́nu gidi. Ní ilé wa, Lasisi, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn tẹ tiwọn jáde ní ọdún 2010 lórí àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 sókè ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ẹnìkan nínú méje ni etí rẹ̀ ń dún.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń pè mí lóru pé ayé ló ń bá wọn jà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dún létí ni ọ̀tá fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rù tẹ́tí sí i, ọpọlọ rẹ̀ yóò gbà pé ohun ewu ni, yóò sì máa ṣọ́ ọ lọ́sàn-án lóru. Ẹ̀rù ni igi tó ń dá iná náà.

Ohun tí ewé lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ginkgo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà. Èmi náà rà á. Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní 1,100: wọ́n fún àwọn kan ní ginkgo, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn òfìfo tó jọ ọ́. Kò sí ìyàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tún kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní ọdún 2022, wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ dá a lò, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya.

Ẹ ṣọ́ra fún èèpo igi willow. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìbátan aspirin, bẹ́ẹ̀ aspirin púpọ̀ máa ń mú etí dún. Bàbá kan nínú ilé wa ń lo aspirin púpọ̀ fún orúnkún, ó sì tún ń mu àgbo willow lé e. Etí rẹ̀ ń hó yèè. Nígbà tí ó sọ fún oníṣègùn rẹ̀, tí wọ́n yí oògùn náà padà, ariwo náà wálẹ̀. Àwọn àgbà tó lo kunínì fún ibà nígbà kan mọ ohun tí mo ń sọ: kunínì náà máa ń mú etí dún. Àwọn abẹ́rẹ́ bíi gentamicin àti streptomycin lè ba etí jẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró. Ẹ lọ bi í.

Ẹ má ṣe ti àbẹ́là oníhò bọ etí, kí ẹ wá tan iná sí i. Àjọ ìlera ìjọba Canada ti kìlọ̀ pé ó léwu, pé kò sì ṣàǹfààní kankan. Ọ̀dúndún, àlùbọ́sà, àdí, epo ólífì: ẹ má fún ìkankan sí etí tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò yín nínú rẹ̀.

Kí ni ewé wá lè ṣe? Koóko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, ni mo ń sè ní alẹ́, ife kan péré, láìfi ṣúgà sí i. Kò pa ìrẹ̀ náà. Ó kàn ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ ti parí.

Ọmọ onílù àti fóònù rẹ̀

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílù wa ló wá wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, wọ́n ní ara yín kò yá."

Mo ní, "Ara mi yá. Etí mi ló ń dún."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Ìyá? Ọdún kẹta rèé tí tèmi ti ń dún."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Mo bi í pé kí ló ń lò sí i. Ó ní, "N kò da nǹkan kan sí i, Ìyá. Omi ni mo ń gbọ́." Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí tábìlì mi.

Àṣà yìí ti wà kí fóònù ìgbàlódé tó dé. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀gbẹ́ni Jack Vernon, tó ń ṣe ìwádìí lórí etí ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ń rìn lọ pẹ̀lú dókítà Charles Unice, ẹni tí etí tirẹ̀ ń dún. Wọ́n dé ẹ̀bá omi kan tí a ṣe kí ó máa tú sókè láàárín ìlú. Unice kọ̀, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni kò ti gbọ́ dídún náà. Láti ibẹ̀ ni Vernon ti ronú pé a lè fi ìró bo ìró. Àwa tí a mọ Ọ̀ṣun kò ní ṣe kàyéfì pé omi ló ṣe é.

Nígbà tó yá, Pawel Jastreboff tẹ èrò mìíràn jáde ní ọdún 1990. Ó ní kí a má ṣe bo dídún náà pátápátá. Kí a jẹ́ kí ìró omi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọpọlọ lè kọ́ pé ohun tí kò ṣe pàtàkì ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀bá ọ̀nà CTrain, ọkọ̀ ojú irin ìlú wa, kì í sùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ bi í bóyá ọkọ̀ kọjá lóru, yóò ní òun kò mọ̀. Ọkọ̀ kò dákẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló jọ̀wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí fóònù bá wa ṣe nìyẹn. Kì í ṣe ìwòsàn, ìkọ́ni ni.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ gé ibí yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí wò. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo inú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ló dí i. Bí ìgbọ́ràn bá ti dín kù, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nìkan lè dín dídún kù, nítorí ọpọlọ tún rí ohun gbọ́.

2. Ẹ yan ìró tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo ṣe àṣìṣe níbí. Ohùn ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo tí àbúrò mi gbà sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Mo ń tẹ́tí sí oríkì, mo ń wá ẹni tí mo mọ ohùn rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi. Omi tó ń ṣàn, òjò, tàbí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò. Kí ó jẹ́ ohun tí etí lè gbọ́ láìrò ó.

3. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kéré ju dídún náà lọ díẹ̀. Ẹ gbọdọ̀ ṣì máa gbọ́ ìrẹ̀ náà lábẹ́ omi. Ẹni tó bá yí i sókè títí tí kò fi gbọ́ ìrẹ̀ mọ́, ọpọlọ rẹ̀ kò rí nǹkan kọ́, ó sì lè tún fi ariwo kún ohun tí ariwo dá sílẹ̀.

4. Lóru, ẹ má ki nǹkan bọ etí. Ẹ gbé fóònù sí ìkángun yàrá, kí ẹ da ojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì pa ìpè àti ìròyìn. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí kí ó máa lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bí ẹ bá máa ń jí.

5. Ẹ sá fún ìdákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí ìró díẹ̀ wà nínú ilé lọ́sàn-án. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń lọ sí ibi tí odò Elbow ti wọ inú odò Bow, ibi tí àwọn Blackfoot tó ni ilẹ̀ yìí ṣáájú gbogbo wa ń pè ní Mohkinstsis. Bí òtútù bá dé, fóònù ni odò mi.

6. Ẹ má máa wọn dídún náà lójoojúmọ́. Àwọn áàpù kan a máa bèèrè ní gbogbo àárọ̀ pé báwo ni ó ṣe dún tó. Bí ẹ bá ń dáhùn, ẹ ń ṣọ́ ọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ oorun tí ẹ sùn àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe, kì í ṣe bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó.

7. Ẹ ní sùúrù. Oṣù kẹta ni mo tó rí ìyàtọ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀nà Jastreboff kọ́ni a máa sọ̀rọ̀ oṣù 12 sí 18.

Áàpù wo ni kí a lò?

Ẹni tó ní iPhone kò nílò láti ra nǹkan kan. Láti ọdún 2021 ni òjò, òkun àti odò ti wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ohun tí wọ́n pè ní Background Sounds, ní ibi ètò Accessibility. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà ní tiwọn, bíi ReSound Tinnitus Relief àti Widex Zen.

Irú kejì wà, tí kì í fún ni ní ìró nìkan, tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń yí èrò padà. CBT ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 28 jọ, pẹ̀lú ènìyàn 2,733, wọ́n sì rí i pé ìlànà yìí lè dín ìnira tí dídún ń mú wá kù, bí dídún fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ. Ní Jámánì, áàpù kan tí ń jẹ́ Kalmeda wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2020 kí dókítà lè kọ ọ́ fún aláìsàn bí oògùn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, MindEar jọ ọ́. Ìwádìí kékeré kan lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, ènìyàn bíi 30 péré, bíi méjì nínú mẹ́ta wọn sì ní ó rọrùn fún àwọn.

Ẹ wo gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti ń wo oògùn lọ́jà. Áàpù tó bá ní òun yóò pa dídún náà láàárín ọjọ́ méje, òun àti alágbo tó ní oògùn kan ṣoṣo wo ogójì àrùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ gbìyànjú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ dúró ti fóònù

Bí ìgbọ́ràn etí kan bá lọ lójijì, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà tó lè ràn án lọ́wọ́ bí wọ́n bá tètè lò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì ń kọ́ gidigidi, tàbí tí dídún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó fi orí lulẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró. Bí dídún bá ń lù kì-kì-kì bá ọkàn rìn, tàbí tí ó bá wà ní etí kan ṣoṣo tí kò lọ, ẹ lọ rí dókítà láìpẹ́. Ní Alberta, ẹ lè pe 811 lọ́sàn-án lóru, nọ́ọ̀sì yóò dáhùn.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àìsùn pẹ̀lú ariwo tí kò dákẹ́ lè mú kí ayé sú ènìyàn. Ó sú mi ní òru kan. Bí ó bá sú yín, ẹ má dákẹ́. Ẹ pe ọ̀kan nínú wa, tàbí kí ẹ pe 988 níbikíbi ní Canada.

Ìlù wa

Ọmọ onílù yẹn fi áàpù kan hàn mí tó ń wọn ariwo. NIOSH, àjọ ìlera òṣìṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde fún iPhone ní ọdún 2017, ọ̀fẹ́ ni. A gbé e sí ibi àga mi nígbà tí wọ́n ń lù. Ó kà 100 decibel. Ní òfin Alberta, 85 decibel ni òṣìṣẹ́ lè gbọ́ fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá fi 3 lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀ títí dé 100: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi sì jókòó síbẹ̀ mọ́jú, fún ogún ọdún.

N kò ní kí a má lùlù. Òrìṣà tí kò gbọ́ ìlù, kí ni a fẹ́ fi pè é? Ṣùgbọ́n kí onílù kọ̀ọ̀kan ki rọ́bà onílù bọ etí, èyí tó ń dín ìró kù láì bà á jẹ́. Kí a fi kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ògiri. Kí aláàgogo má jókòó ti ìyáàlù. Kí a má ṣe gbé ọmọ ọwọ́ súnmọ́ ìlù láìbo etí rẹ̀.

Àwọn ará wa ní Cuba máa ń sọ pé Ọ̀sanyìn ní etí ńlá kan tí kò gbọ́ nǹkan kan, àti etí kékeré kan tó ń gbọ́ ohun gbogbo. Mo ti rò ó púpọ̀. Oníṣègùn tó ni gbogbo ewé, òun náà ní etí tí kì í lò. Ìrẹ̀ mi ṣì ń ké bí mo ti ń kọ èyí. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo kọ orúkọ rẹ̀. Kí n tó kọ ọ́, n kò rántí rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ti ń sùn. Mo ti padà síbi ìlù, rọ́bà wà létí mi, mo jókòó lẹ́yìn.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé wa

Ta ni nínú ilé wa tí etí ń dún tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Oògùn wo ni a ń lò, ti òyìnbó tàbí ti ewé, tí a kò tíì bi oníṣègùn bóyá ó ń mú etí dún? Ta ni yóò ra rọ́bà fún àwọn onílù kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé?

Kí Ọ̀sanyìn má jẹ́ kí ewé wa di májèlé. Kí etí wa máa gbọ́ ire. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.